Bí Ìyá Ìkéde Ṣe Kó Ará Ìsàlẹ̀ Gòkè

Kí wọ́n tó máa pè é ní Ìyá Ìkéde, ìwé ló ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ erékùṣù wọn. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí èbúté, kò sì sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ojú rẹ̀ kò tó. Nígbà tí ọkùnrin tó ń ṣe ìkéde fẹ̀yìn tì, alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé iṣẹ́ náà fún un.

"Ẹ̀yin lẹ kúkú máa ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀," ó ní.

Erékùṣù kékeré ni, igba ènìyàn ó lé díẹ̀. Béèyàn bá sín ní ìsàlẹ̀, ará òkè á kí i pẹ̀lẹ́. Gbohùngbohùn mẹ́rin ni wọ́n so mọ́ òpó: ọ̀kan ní èbúté, ọ̀kan ní ilé ìwé orí òkè, ọ̀kan ní ilé ìwòsàn, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà oníbúrẹ́dì. Bí omi ẹ̀rọ yóò bá dá, bí ọkọ̀ kò bá ní lọ, bí ìjì bá ń bọ̀, Ìyá Ìkéde ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà nínú ìwé ló gbọ́dọ̀ kà á: "A ń fi àsìkò yìí rọ gbogbo ẹ̀yin olùgbé wa ọ̀wọ́n..." Onígbàjámọ̀ ní kó tó dé "ọ̀wọ́n," oorun ti gbé òun lọ. Níjọ́ kan, Ìyá Ìkéde kéde lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé omi yóò dá ní aago mẹ́wàá. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, obìnrin aránṣọ já wọ ọ́fíìsì, ọṣẹ lójú, aṣọ ìnura lọ́rùn, ó ń béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún òun.

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ìkéde pinnu pé òun yóò fi iyọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó ka ìwé tán, ó wá ní, "Ẹni tó fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé aránṣọ nígbà tó ń fo ọgbà, bàtà náà wà lórí tábìlì mi. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ni ín. Lọ́la ni n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Nígbà tó di ọ̀la, gbogbo erékùṣù ló dúró sídìí gbohùngbohùn. Ó kọ́kọ́ ka àkókò abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó sọ pé oníbàtà ti gba ojú fèrèsé wá mú un. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ náà, kò sí ìyá tí kò gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́.

Oṣù mẹ́ta ló fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Alága máa ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn ún, àfi ọjọ́ tó gbọ́ pé, "Ọ̀gá kan wà tó máa ń kọ́ ijó ní ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kọ́tínì rẹ̀ fẹ́lẹ́ o." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà ti dé: kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kún ìwé mọ́. Ìyá Ìkéde ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó padà sí "olùgbé wa ọ̀wọ́n," àwọn èèyàn náà sì padà sí oorun wọn.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ pè láti òdìkejì omi. Ìjì ńlá ń bọ̀. Yóò dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, òkun yóò sì wọ àdúgbò ìsàlẹ̀. Kí gbogbo ará ibẹ̀ gòkè lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kí aago méjì tó lù.

Ó kà á bó ṣe wà. Ó yọjú lójú fèrèsé. Oòrùn ń ràn yòò. Aránṣọ ń sá aṣọ. Onígbàjámọ̀ ń fá orí oníbàárà, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Alága fúnra rẹ̀ wá ń lọ láti ilé dé ilé. Ibi gbogbo tó dé ni wọ́n ti fún un ní àga. "A ti gbọ́, alága. A ń bọ̀." Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó máa fi padà dé ọ́fíìsì, ó ti làágùn jìnnà.

"Ìyá Ìkéde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

"Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi kò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo ti fagi lé lẹ́tà yẹn."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

Ìjì ń bọ̀, alága jókòó, ó ń kọ lẹ́tà. Ìyá Ìkéde tún ní kó fi déètì sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹnu sí ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, mo ní ìwé kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní aago méjì, n óò ṣí i ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, n óò bá a sọ ọ́."

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀.

Aago kan kò tíì lù tí ọ̀nà òkè fi kún. Wọ́n gbé ẹní, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n pọn ọmọ. Oníbàárà onígbàjámọ̀ wà láàárín wọn, tòun torí tí wọ́n fá dé ìdajì. Ìyá ọkọ Ìyá Ìkéde, tí orúnkún kò jẹ́ kó jáde nílé láti ọdún méjì, ló ṣáájú, ó ń fi ọ̀pá ti àwọn èèyàn kúrò lọ́nà. Ọkọ Ìyá Ìkéde, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, rọra dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

"Ìyá ilé, ṣé èmi náà wà nínú ìwé yẹn?"

"Ẹ wọlé, ẹ lọ jókòó níwájú," ó dá a lóhùn.

Bí kálukú ṣe ń wọlé, Ìyá Ìkéde ń fi bírò sàmì sínú ìwé náà, ara sì ń ta wọ́n bí wọ́n ṣe ń wo bírò. Ẹnìkan péré ló kù: bàbá arúgbó tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi. Òun kò ní àṣírí tó ń bẹ̀rù, ti ẹlòmíràn kò sì wù ú gbọ́. Ìyá Ìkéde ká ìró sókè, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Omi ti dé ẹnu ọ̀nà bàbá.

"Bàbá, ẹ dìde ká lọ."

"Lọ ka ìwé rẹ, ọmọ mi. N kò ṣe nǹkan kan tó ń tì mí lójú."

Òótọ́ ni. Lọ́dún mọ́kànlá, kò rí nǹkan kan ká mọ́ bàbá yìí lọ́wọ́. Ó rò ó wò, omi ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Bí mo bá kà á tán, wọ́n á ní irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin nìkan ni gbogbo wọn gbà gbọ́. Ẹlẹ́rìí ni mo ń wá."

Bàbá fi fìlà lé orí. Ó ní tòun ti àwọ̀n òun lòun máa lọ, ni àwọn méjèèjì bá jọ gbé àwọ̀n náà gòkè.

Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn ni atẹ́gùn gbá òrùlé mú. "Ó ti tó àkókò," ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn. Ìyá Ìkéde gun orí pèpéle. Kó tó la ẹnu, onígbàjámọ̀ ti dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Àkùkọ aránṣọ tó sọnù, kò sọnù. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń kọ. Mo jẹ ẹ́."

Aránṣọ náà dìde. "Mo mọ̀," ó ní. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dín ìbàdí ṣòkòtò rẹ kù ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé e wá."

Onígbàjámọ̀ wo ikùn ara rẹ̀. Ọdún kan ló ti ń febi panú nítorí pé ó rò pé òun ń sanra.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró mọ́. Oníbúrẹ́dì jẹ́wọ́ pé búrẹ́dì ọjọ́ Ajé, ti Àbámẹ́ta ni, ooru omi lòun fi ń jí i. Ìyá ọkọ Ìyá Ìkéde ní orúnkún òun ti san látọdún tó kọjá, pé oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá bá òun lórí bẹ́ẹ̀dì ni kò jẹ́ kí òun sọ. Òkun ń ru nísàlẹ̀, páànù ń fò, síbẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ń bẹ àwọn tó wà níwájú pé kí wọ́n gbóhùn sókè. Alága nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ti rí ijó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìjì fi máa lọ sílẹ̀, Ìyá Ìkéde kò tíì ka ọ̀rọ̀ kan. Bàbá aláwọ̀n yọjú wo inú ìwé náà. Ilé tí kálukú ń gbé ló wà níbẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ di, ẹni tí kò lè rìn, ẹni tó ń lo oògùn àti oògùn tó ń lò.

"Ohun tí mo wá jẹ́rìí sí nìyí?"

"Àṣírí wọn, orí ni mo ń kó o sí. Ìwé lè bọ́ sómi. Ẹ má sọ fún wọn, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu mọ́.

Òrùlé ilé mẹ́fà ló ṣí, ọkọ̀ méjì rì, òpó èbúté wó. Kò sí èèyàn kan ṣoṣo tó fara pa. Onígbàjámọ̀ àti aránṣọ, tí ilé wọn kọjú síra, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó ti ilé àkọ́kọ́, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ilé kejì, wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tí kò mọ ṣọ́bìrì dì mú.