Edé Aláṣọ Tí N Kò Tọ́ Wò Rí

Fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé aṣọ fún edé, n kò sì tọ́ ọ wò rí títí di òní.

Kì í ṣe àwàdà. Télọ̀ ni mí ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kí ojú mi tó bàjẹ́ débi tí n kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyàwó mi ló ni iṣẹ́ edé. Bí ẹnikẹ́ni láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnká bá fẹ́ ṣe ìkómọ tàbí wòlímọ̀, tó sì fẹ́ kí àlejò rí nǹkan fi panu kí oúnjẹ gidi tó dé, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Yóò ra edé tútù, àwọn tó gùn tó ìka, tí wọ́n ń kó wá láti Èkó nínú yìnyín. Yóò gé orí wọn, yóò bó èèpo ara wọn, yóò fi ìrù sílẹ̀, yóò fi iyọ̀, ata gígún, áyù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa wọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni yóò fi fùláwà pípò wé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọrùn dé ìdí, ìrù nìkan ni yóò yọ síta, yóò sì dín in. Àfi bí ọmọ ìkókó tí wọ́n wé sínú ìró ìyá rẹ̀. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́ ní edé aláṣọ.

Aṣọ yẹn ni iṣẹ́ tèmi. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, n ó po fùláwà mọ́ bọ́tà àti omi tútù, n ó da abọ́ bò ó kó sinmi, n ó fi ìgò yí i lórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́, n ó wá fi rúlà àti ọ̀bẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú ìka kan. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá wọn, àwọn oníbàárà yín ti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń pariwo pé aṣọ fún àwọn jù. Àwọn tèmi kì í ráhùn."

Ìdí tí n kò fi tọ́ ọ wò ni pé ilé wa kì í jẹ edé. N kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi, tí kì í pa ìrun kan jẹ, ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ara wa ni kò gbà á. Ọmọ ilé nìkan ni òfin náà mú. Obìnrin tí a bá fẹ́ wọlé, èèwọ̀ ilé baba tirẹ̀ ló ń pa mọ́, ti wa kò kàn án. Ìyá mi gbà pé kí ìyàwó mi máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìnkùlé ni kó ti máa ṣe é, kó ní ohun èlò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọmọ ilé kankan má sì débẹ̀ nígbà tí òróró bá wà lórí iná.

Ní ọdún tí a fẹ́ra, ìyàwó mi gbàgbé. Ó kúnlẹ̀, ó fi àwo edé aláṣọ lọ̀ mí. Mo ti gbé ọ̀kan dé ètè kí ìyá mi tó gbá a dànù lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ẹja, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi fùláwà wé e fún mi. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó mú ọ̀bẹ, ó sì kọ pélé mẹ́ta sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, èyí tó bá ti kọ pélé, tèmi ni. Ó tún ra agbada kékeré kan tó fi ń dín tèmi lọ́tọ̀. Èmi rò pé àṣejù ni.

Oṣù kẹsàn-án nìyí tó ti jáde láyé.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ wálé, àkọ́bí mi obìnrin wá bá mi jókòó. Ó ní àwọn ẹbí ìyàwó kò ní pọ̀, wọn kò ju ogún lọ, ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò sin ọmọ wọn wá.

"Bàbá, a ti rí ẹni tí yóò gbé ìpanu wá láti Òkè-Àdó. Inú páálí ló ń kó o sí, ó mọ́ tónítóní."

"Kí ló wà nínú páálí náà?"

"Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, sàmósà, ẹran díẹ̀."

"Edé aláṣọ ńkọ́?"

Ó wò mí. "Bàbá, ta ni yóò ṣe é?"

"Èmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, àwa ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Màámi kò jẹ́ ká débẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà ò sì mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé òun ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Ohùn ìyàwó mi wà nínú fóònù àwọn ọmọ. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ìborùn tí mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ṣùgbọ́n adùn ọwọ́ rẹ̀, níbo ló wà? Àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan níbi ìkómọ kò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ti tó ọdún méjìlá tí orúnkún ti mú ìyàwó mi kúrò nídìí agbada, àwọn ìyàwó tí àwọn ọmọ mi yòókù fẹ́ kò bá a níbẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ìgbà tiwa ló ń jẹ ẹ́. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Mo mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ èyí tí ìyá wọn ń pè wọ́n àti èyí tí a fún wọn nígbà tí wọ́n wọlé. N kò ní kọ ọ́ síbí. Bí mo bá kọ orúkọ òkú, dandan ni kí n kọ àdúà tẹ̀ lé e, ìwé ọmọléèwé tí mo rà yìí kò ní gbà á. Lórí ẹní ìkírun ni mo máa ń pè wọ́n láràárọ̀.

Ẹyọ kan ló kù nínú wọn, ìyàwó àbúrò mi, Ìyá Ìbejì, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí ẹnu yẹn bá pa dé, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ kí o bá mi tọ́ nǹkan wò."

"Ọkọ mi, ṣé kì í ṣe májèlé? Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Edé aláṣọ ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Ta ló ṣe é?"

"Èmi àti ìwọ ni yóò ṣe é. N ó gé aṣọ, ìwọ ni yóò fọwọ́ kan edé."

"Ẹ̀yin tí ẹ̀bà yín máa ń ní kókó bí ìlẹ̀kẹ̀?"

"Fùláwà yàtọ̀ sí ẹ̀bà."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ o, èmi ò rí ìyáálé mi nídìí ẹ̀ rí. Ọjà ni mo máa ń wà. Ẹnu nìkan ni mo máa ń gbé wá."

Àkọ́bí mi ra edé wá. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nídìí tábìlì mi, Ìyá Ìbejì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ mi kò gbàgbé. Fùláwà náà fẹ́lẹ́, mo gé e, ó gbé e lọ. Mo gbọ́ nígbà tí òróró ké. Nígbà tó yá, ó wọlé, ó ń jẹ edé lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

"Ó dùn," ló wí.

"Ṣé tirẹ̀ ni?"

"Rárá, ọkọ mi. Ó dùn, ṣùgbọ́n àlejò ni. Tìyáálé mi, kí eyín tó kan edé ni adùn edé ti kún ẹnu. Aṣọ ara ẹ̀ pàápàá, edé ni. Ṣé ẹ máa ń bu edé sínú fùláwà nígbà yẹn ni?"

"Èmi kẹ̀? Edé? Lọ́wọ́ mi?"

"Mò ń bèèrè ni, ẹ má lù mí."

Ó ní kí a gún edé gbígbẹ, kí òun fi wọ́n ara aṣọ náà kí ó tó bọ́ sínú òróró. Ó gún un, ó wọ́n ọn. Ó jóná, ó dúdú, ó korò débi tí ó fi tu ú sílẹ̀. "Ìyáálé mi, ẹ má bínú sí wa o," ló wí, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo padà sí yàrá mi, mo rí i pé ìyàwó mi ti kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo sì lọ pè é wá kó tún kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn àsùbáà, mo ń pe àwọn orúkọ yẹn lórí ẹní. Bí mo ṣe kan orúkọ ìyàwó mi ni àwọn alákàrà ilé kejì da ẹ̀wà sínú òróró. Òróró ké ṣàà. Orúkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni òróró ìyàwó mi máa ń ké.

Ó máa ń kọ́kọ́ ké nígbà tí mo ṣì ń fi ìgò yí fùláwà. Ó tún máa ń ké lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Gbogbo ọdún tí mo fi gbọ́ ọ, n kò bi ara mi rí pé, kí ló ń dín nígbà tí aṣọ kò tíì délẹ̀? Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mo rántí àwọn adìẹ ilé wa. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́, wọ́n máa ń ṣa nǹkan pupa gbígbẹ kan jẹ ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu wọn. Mo tún rántí agbada kékeré mi. Bí òróró inú agbada ńlá bá jẹ́ òróró lásán kí edé tó bọ́ sínú rẹ̀, ṣebí ó lè kọ́kọ́ fi dín ẹja tèmi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe àṣejù. Òróró náà ti di edé.

N kò dúró kí oòrùn yọ. Ìyá Ìbejì ń fi orín rin ẹnu níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Níbo lo da èèpo edé àná sí?"

Ó yọ orín lẹ́nu. "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi. Ṣé a ò kí'ra mọ́ nílé yìí ni? Ààtàn ni mo dà á sí."

"Èèpo yẹn ni. Ó máa ń kọ́kọ́ dín èèpo àti orí wọn títí òróró yóò fi mu adùn wọn, yóò wá kó èèpo dànù fún adìẹ, yóò fi òróró náà dín edé. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń ní adùn edé."

Ìyá Ìbejì jókòó sórí àbáwọlé. "Obìnrin yìí! Bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó pé kó sọ ohun tó ń fi sí i fún mi! Ohun tó máa ń sọ ni pé, 'Ìyá Ìbejì, máa jẹ, má bèèrè.'"

Lọ́jọ́ Àìkú, kí àlejò tó dé, a fi edé tuntun tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tan rédíò. Mo po fùláwà, mo da abọ́ bò ó. Mo ń fi ìgò yí i nígbà tí òróró ké lẹ́ẹ̀kínní, ohùn líle, bí òjò tó bọ́ sórí páànù. Òórùn kan wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni òórùn aṣọ tí ìyàwó mi ń wọ̀ wọlé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ iṣẹ́. Mo di tábìlì mú. Nígbà tó yá, mo gé aṣọ, mo fi ránṣẹ́, òróró ké lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo wá ń retí ariwo Ìyá Ìbejì. N kò gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin tí kì í dákẹ́! Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ibi tí ẹsẹ̀ mi kò dé rí nígbà tí òróró wà lórí iná. Ó jókòó lórí àpótí, ìrù edé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé òun ni?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú òmíràn, ó jẹ ẹ́, ó tún mi orí. "Ìyáálé mi ti dé," ló wí.

Ìyàwó tuntun dé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, láti Ìdí Arẹrẹ. Kí wọ́n tó pín nǹkan kan fún àlejò, Ìyá Ìbejì ti mú un lọ́wọ́.

"Ìyàwó, ṣé ilé yín ń jẹ edé?"

"À ń jẹ ẹ́, mà."

"Alhamdulillah. Ya ẹnu." Ó fi ọ̀kan sí i lẹ́nu. "Má kánjú. Kí lo gbọ́ lẹ́nu?"

Ọmọ náà jẹ ẹ́ lẹ́sọ̀. "Edé, mà. Ṣùgbọ́n... aṣọ ara ẹ̀ náà, edé ni."

"O gbọ́? Má gbàgbé. Àwọn ọkọ rẹ nílé yìí ò lè bá ẹ rántí ẹ̀. Èmi ti dàgbà. Ọ̀la, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wàá wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé."

Kò yé ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó dáhùn pé "Ẹ ṣeun, mà," ó sì ṣe ohun tí ọmọ tí a kọ́ dáadáa ń ṣe. Ó gbé àwo náà, ó kọjú sí bàbá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó fi edé aláṣọ lọ̀ mí.

Gbogbo ilé pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́bí mi ti nawọ́ láti gbá àwo. "Wọn kì í jẹ ẹ́! Ilé wa kì í jẹ ẹ́!" Ojú ọmọ náà ti kún fún omijé.

"Ẹ fi í sílẹ̀," mo wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọlé yìí."

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, má sunkún. Tiwọn máa ń kọ pélé ni. Ẹja ló máa ń wà nínú tiwọn, agbada kékeré la ó sì fi dín in."

"Pélé báwo, mà?" Ohùn rẹ̀ kéré. Kò dúró de ìdáhùn. Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo sì rí i tí ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Mo mú edé aláṣọ kan nínú àwo náà. Ó ṣì gbóná. Mo gbé e súnmọ́ imú, mo gbóòórùn rẹ̀ títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn, mo wá fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.

"Bá mi jẹ ẹ́," mo wí.

Ó jẹ ẹ́.