Orogún Mi Inú Ìkòkò

Nígbà tí ọ̀gá òyìnbó tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ń padà sílùú rẹ̀, gbogbo wa nínú ilé tí a háyà ní Ìsọlọ̀ la ti gbà pé ọkọ mi ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti mú un lọ wọn kóòtù lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi síbẹ̀. Ohun tí ọkọ mi gbé wálé lọ́jọ́ náà ni òdòdó kan nínú ìkòkò, èyí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọ̀gá náà.

Mo wò ó, ẹ̀rín pa mí. Pèrègún ni, pèrègún tí a fi ń pààlà oko nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, tí ewúrẹ́ fi ń họra. Mo ní, "Dádì, ṣé pèrègún kọ́ lẹ gbé wá yìí?" Ó fajú ro. Ó ní ọkọ̀ òfurufú ló gbé e wá, òdòdó òyìnbó ni, kí n má fi wé ohun tó ń hù létí oko.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di olórogún. Ẹ̀gbẹ́ redíógíráàmù tuntun tí a fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù la gbé ìyàwó sí, nítorí àsìkò owó epo ni, gbogbo ilé ló ń ra ọ̀kan. A fa kọ́tìnì dí oòrùn, fáànù ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru, èmi tí wọ́n sanwó orí mi sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Omi láàárọ̀, omi lálẹ́. Nígbà tó yá, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í da tíì oní-mílíìkì sí i nídìí, ó ní ohun tó mọ́ ọn lára lọ́dọ̀ ọ̀gá nìyẹn. Mo bi í bóyá kí n bá a dín ẹyin kún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Pèrègún tó yẹ kó máa wọṣọ tuntun lọ́dọọdún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ra sílẹ̀ lójú wa. Ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó ń rẹ̀ dànù, títí ó fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ lókè, bíi ti orí ọkọ mi.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo ti lanu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó rí i tó jókòó síwájú ìkòkò náà, tó ń ṣa ewé tó rẹ̀. Ó ní, "Bí eléyìí bá tún kú, kí ni mo wá rí mú bọ̀ níbi iṣẹ́ yẹn?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo jókòó tì í. Mo sọ fún un pé omi àti ìkẹ́ ló fẹ́ pa á, pé nílé wa, bí pèrègún bá ń ṣòjòjò, a máa ń bẹ́ ẹ lórí ni, á sì tún rúwé.

Ó wò mí títí. "Ṣé o fẹ́ pa orogún rẹ lójú mi ni?" Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣàwàdà láti ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n òun ò lè wò ó, ló bá jáde lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òkè-Àfà.

Mo gé e. Mo da ẹrẹ̀ àti tíì inú ìkòkò nù, mo po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ iyanrìn, mo gbé kùkùté náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá bomi sí i láìbi mí kò ní í jẹun nílé yìí. Mo ri orí rẹ̀ àti àwọn igi tí mo gé lára rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Láràárọ̀, ọkọ mi á de táì tán, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ kùkùté, á máa fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń wá eyín lẹ́nu ọmọ jòjòló.

Mo ń dín dòdò lọ́jọ́ tó wá fà mí lọ́wọ́. Ojú méjì ti yọ lára kùkùté náà, tútù yọ̀yọ̀. Mo ní, "Orogún mi ti bí ìbejì." Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí àga bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ń nu ojú.

Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ náà hù. Nígbà tí a ra ilẹ̀ ní Òkòta, mo kó wọn dání láti rì wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti ń retí pé yóò sọ pé òdòdó òyìnbó kì í gbé inú ẹrẹ̀. Ó gba àdá lọ́wọ́ mi, ó ń gbẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ tó tẹ̀ lé tiwa dúró, ó bi í pé kí ló ń gbìn.

Ọkọ mi nàró, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Pèrègún ni," ó ní. "Ohun tí mo rí mú bọ̀ níbi iṣẹ́ nìyí."