Orúkọ Tí Mo Fún Wifí Ilé Mi

Ọmọbìnrin mi ló ní kí n ra ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀ Faransé ló ti ń kàwé, tí a bá sì ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwòrán mi á kàn dúró gbagidi, ẹnu mi á là sílẹ̀, ohùn mi á máa já.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wifí sílé. Ó ti sú mi kí n máa wo yín bí ẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń sín."

Opó ni mí. Ọmọ Sakété ni ọkọ mi, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Inú ilé tí a jọ kọ́ sí Pobè ni mo ṣì ń gbé. Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí ibẹ̀, "Dírẹ́tírìsì" sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn bí ariwo ṣe máa ń rọlẹ̀ tí mo bá ń kọjá.

Sakété ni mo ti lọ rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta fóònù lẹ́bàá ọjà. Ó bi mí bóyá wáyà ìntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé mi. Mo ní kò tíì dé òpópónà wa. Ó ní a jẹ́ pé irú èyí tí wọ́n ń ki káàdì fóònù bọ̀ ló yẹ mí. Ó gbé oríṣi méjì kalẹ̀. Ọ̀kan kéré bí ọṣẹ ìfọṣọ, ó ní bátìrì nínú, bí iná bá lọ kò ní kú. Èkejì tóbi, eriali rẹ̀ nà sókè bí etí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n àfi kí iná wà.

Mo ní, "Gígùn ni ilé mi, yàrá tò lọ sẹ́yìn ni. Èwo ló máa dé yàrá ìkẹyìn?"

"Ìyá, èyí ńlá yìí á dé yàrá ìkẹyìn, á tún kọjá rẹ̀."

Inú mi dùn. Mi ò rò ó pé ohun tó bá kọjá ògiri ilé ẹni, ọ̀dọ̀ ará ìta ló ń lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni mo tò ó. Mo kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, yàrá ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan. Mo gbé e gorí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀, gbogbo ilé sì gbà á. Ọmọ mi wá ṣàlàyé lórí fóònù bí mo ṣe máa ṣí ojú ìwé ẹ̀rọ náà, kí n yí àwọn ohun tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà. Ó ní, "Ẹ fi ohun tí ẹ ò lè gbàgbé sí i, tí ẹlòmíràn ò sì lè mọ̀." Lẹ́yìn náà ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́.

Àlàfo méjì ni mo bá lójú ìwé náà. Wọ́n kọ "orúkọ" sí ti òkè ní èdè Faransé, wọ́n kọ "ọ̀rọ̀ ìwọlé" sí ti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan ni ọmọ mi ń sọ. Èmi rò pé méjèèjì ni. Mo rò pé orúkọ yẹn dà bí èyí tí ilé ìfowópamọ́ máa ń béèrè, tó jẹ́ pé èmi àti ẹ̀rọ nìkan la máa mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lójú àwọn èèyàn, "Màdáàmù" ló máa ń pè mí, bí ẹni pé abẹ́ mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ilẹ̀kùn yàrá, orúkọ mìíràn ni mò ń jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí àfi àwa méjèèjì, ọ̀kan sì ti lọ. Ìka mi tẹ̀ ẹ́ sí àlàfo òkè kí n tó ronú: IDIBEBERE.

Nígbà tí mo wá ń so fóònù mi pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, mo rí i lórí fóònù, ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dà bí ẹni pé ó tún pè mí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọlọ́kadà tó máa ń dúró lábẹ́ igi tó kọjú sí ilé mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni. Tíṣà kan níbi iṣẹ́ bi mí bóyá mo ti ní wifí nílé, kò sì jẹ́ kí n dáhùn tó fi yára jáde, ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu.

Ọjọ́ Àìkú ni olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn. Ilé rẹ̀ ló wà lẹ́yìn tèmi gan-an.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Orúkọ kan ló ń yọ lórí fóònù àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní bí àwọn bá ṣe ń sún mọ́ fèrèsé yín ló ń lágbára sí i."

"Orúkọ wo?"

Ó wo ọ̀nà pẹpẹ. "Ẹ jẹ́ ká jáde ná. Mi ò lè sọ ọ́ níbí."

Abẹ́ igi máńgòrò níta ló ti sọ ọ́ sí mi létí. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ó ní, "Àwọn èèyàn ń béèrè ta ló ń pè yín bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ọkọ yín ti lọ." Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo kọjá lójú àwọn ọlọ́kadà yẹn, tí mo gbórí sókè, tí mò ń rìn bí ọ̀gá. Ibi tí wọ́n ń wò nígbà yẹn wá yé mi.

Mo délé, mo já ẹ̀rọ náà kúrò lára iná. Nígbà tí ọmọ mi pè, tó béèrè ìdí tí mi ò fi sí lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, mo ní òjò ló bà á jẹ́. Báwo ni mo ṣe máa sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń pè mí ní yàrá fún un?

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá ọkọ mi dé láti Ita-Djèbou láìránṣẹ́ ṣáájú. Kò jókòó. Ó ní, "Ìyàwó, ọlọ́kadà tó gbé mi wá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo júwe ilé yìí fún un. Àbúrò ọkọ ẹ náà ti gbọ́ nǹkan ní Sakété. Tó o bá ti rí ẹlòmíràn, sọ fún mi. Mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n máa gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọ̀nà."

Mo kúnlẹ̀. Omi ti bọ́ lójú mi. "Ìyá, kò sí ẹlòmíràn. Ọmọ yín ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi wo?"

"Ọkọ mi."

Ó wò mí títí. "Ọmọ mi tí kì í la ẹnu?"

"Òun ni, Ìyá."

Ìgbà yẹn ló tó jókòó. Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan. "Báwo ló ṣe máa ń pè é?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Mo ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀."

Mi ò gbé ojú sókè. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ bíi tirẹ̀, mo fa ìparí rẹ̀ gùn bó ṣe máa ń fà á, mo sì sọ ọ́ níwájú ìyá tó bí i. Kò sí ohun tó tì mí lójú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín náà ló ṣì jẹ́.

Mo tan ẹ̀rọ náà lójú rẹ̀, mo yí orúkọ padà sí "Ilé Dírẹ́tírìsì". Ó dùn mí bí ìka mi ṣe ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ojú tún tì mí fún ìyẹn náà, bí ẹni pé mo sẹ́ ọkọ mi lójú ìyá rẹ̀.

Bí wifí ṣe padà dé, ọmọ mi pè. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ohùn ò já mọ́. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó dá a dúró.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ orúkọ tí bàbá ẹ máa ń pe ìyá ẹ?"

Mo sá wọ ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí Ìyá sọ ọ́ ketekete, mo gbọ́ tí ọmọ mi pariwo, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn ọmọ mi yí padà, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ tún un sọ." Mi ò jáde. Mo bu omi sínú báàsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn abọ́ tó ti mọ́ láti àárọ̀.