Àmín Tí Ìyá Mi Kọ́kọ́ Ṣe

Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ní iṣẹ́ kan ń bẹ tí mo wá ṣe láyé. Kò sẹ́ni tó sọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́, torí mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Oyún mi wà nínú wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan, nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní abúlé wa, lẹ́yìn Moniya. Ẹ̀mí gbé ìyá aríran, wọ́n fò sókè, wọ́n mi agogo, wọ́n ní, "Aboyún kan ń bẹ níbí. Olúwa ní òun rán ọmọ inú rẹ̀ ní iṣẹ́ pàtàkì wá sáyé. Kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ mìíràn dí i lọ́wọ́." Kí wọ́n tó dákẹ́, ìyá mi ti dìde, wọ́n ti ké "Àmín!" tí gbogbo ilé mì, wọ́n ti lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Bí a ti ń ṣe é nínú ìjọ wa nìyẹn. Bí ìran bá jáde tí kò lórúkọ, ẹni tó bá gbà pé tòun ni yóò ṣe àmín, yóò sì jáde lọ gbà á. Kò sẹ́ni tí í bi í léèrè bóyá tirẹ̀ ni lóòótọ́.

Èmi nìkan ni ìyá mi ní. Bí mo bá fọ́ àwo, wọ́n á ní, "Ẹ má nà án, ọmọ tí Ọlọ́run rán níṣẹ́ ni." Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, kí n má parọ́. Ta ni irú ìyẹn ò ní dùn mọ́? Nílé ìwé, tíṣà bi wá ní ohun tí a fẹ́ dà. Àwọn kan ní dókítà, àwọn kan ní lọ́yà. Èmi ní iṣẹ́ kan wà tí wọ́n rán mi, pé mo ń retí kí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fojú burúkú wò ó, mo ní lọ́kàn mi pé yóò gbọ́ nípa mi lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, gbogbo nǹkan ti wọ́n, iṣẹ́ ìjọba sì ti di ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àgbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi fọ́n ká síbi iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò sì wọ̀ wọ́n lára torí òrìṣà ilé wọn ni wọ́n ń bọ, lọ bá obìnrin aránṣọ kan ní Moniya sọ̀rọ̀ pé kó gbà mí sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó délé wá sọ fún wa. Ìyá mi ní, "Iṣẹ́ aṣọ kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ ká rí ìjà Ọlọ́run ni? Wọ́n ní kí a má fi iṣẹ́ mìíràn dí i lọ́wọ́!"

Bàbá mi ní, "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó rán ni níṣẹ́ a máa sọ iṣẹ́ tó rán ni."

Wọ́n gbé ọkọ́ wọn kọ́ èjìká, ó di oko. Wọn ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ohun tó dùn mí ni pé lẹ́yìn ìyá mi ni mo wà lọ́jọ́ náà, tí mo ń mirí bí aláṣeyọrí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mi kiri. Wòlíì kan tó wá ṣe ìsọjí lọ́dọ̀ wa ní orin ni. Mo wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Olórí akọrin fara dà á díẹ̀, kó tó rọra bẹ̀ mí pé kí n máa bá wọn kó ìwé orin jọ. Wòlíì mìíràn ní ìtọ́jú aboyún ni. Mo lọ sílé ìgbẹ̀bí ìjọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, ojú mi ṣú, mo ṣubú lulẹ̀. Aboyún ń rọbí lọ́hùn-ún, èmi ni àwọn àgbẹ̀bí ń da omi lé lórí. Ẹ̀kẹta ní kí n gbààwẹ̀, pé n ó rí i lójú àlá. Mo gbààwẹ̀ títí egungun ọrùn mi fi yọ. Ẹ̀bà ni mo rí lójú àlá.

Ìyá mi kì í bá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn wòlíì wọ̀nyí. Wọ́n á ní, "Fara balẹ̀, kí ló ń lé ẹ?" Ọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ fẹ́ràn mi, ó sì wá sílé wa wá sọ ọ́. Ìyá mi ní kó ní sùúrù kí iṣẹ́ mi kọ́kọ́ fojú hàn. Ó ní sùúrù díẹ̀, ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Àwọn ará abúlé sọ mí di ẹ̀fẹ̀. "Ọmọ iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ ò tíì dé ni?" Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé ṣe firídọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ tí bàbá mi bá sọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Wọ́n da pọ́dà sí i lọ́rùn, ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà fún un, ó ń jó. Èmi náà jó. Kí ni n bá ṣe? Ìlara ń jẹ mí bí ẹni pé wọ́n fi ata ra mí lójú. Mo délé, mo sọ fún Ọlọ́run pé kó sọ̀rọ̀, tàbí kó fi mí sílẹ̀ kí n lọ kọ́ṣẹ́. Kò ṣe ọ̀kankan.

Ọjà Ṣáṣá ni ìyá mi ti ń ta ata. Èmi ni mo ń bá wọn ṣa èyí tó ti rà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ti lé lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, ìyẹn sì ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi lọ kí aláìsàn, obìnrin àgbà kan wá ra ata lọ́wọ́ mi. Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ọmọ àmín yìí?" Wọ́n ní abúlé wa ni àwọn ń gbé tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn àti ìyá mi ń lọ.

Wọ́n ní, "Ìyá ẹ ni mo jókòó tì lọ́jọ́ náà. Oyún wà nínú èmi náà, ó tiẹ̀ ju tiwọn lọ. Ojú mi ni ìyá aríran ń wò tààrà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Kí n tó gbé ikùn mi dìde, ìyá ẹ ti ké àmín. Wọ́n yá jù mí lọ!"

Mo ní, "Ọmọ yín ọ̀hún dà, mà?"

"Ó wà ní Moniya, fọganáísà ni. Ó ti bímọ méjì. Mo dúpẹ́ o, pé àmín tèmi pẹ́."

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín tí wọ́n fi gbé ata wọn lọ. Inú bí mi débi pé mi ò fún wọn ní èènì.

Mi ò sọ fún ìyá mi. Mo wádìí ibi tí ìyá aríran wà, wọ́n ní wọ́n ti darúgbó, pé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé nínú oko kan lẹ́yìn Lálúpọn. Mo wọ ọkọ̀ lọ, mo sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní, "Ìyá, ta ni ẹ rí lọ́jọ́ náà? Ṣé èmi ni, àbí ọmọ kejì? Iṣẹ́ wo sì ni?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò rántí o. Nígbà yẹn, kò sí ìsìn tí mi kì í ríran. Bí ẹ̀mí bá ti lọ, ọ̀rọ̀ náà bá a lọ nìyẹn." Wọ́n tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?"

Mo ní mi ò ṣiṣẹ́ kankan.

"Háà! Àgbà obìnrin báyìí? Ṣé àwọn òbí ẹ ò kọ́ ẹ níṣẹ́ ni?"

Ẹ gbà mí! Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni o, àbí kí n ké. Àánú mi ṣe wọ́n. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí n tẹrí ba kí àwọn gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fọ̀nà hàn mí. Mo ní, "Ó tó, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàdúrà kankan lé mi lórí mọ́." Mo dìde, mo gbọn eruku kúrò lórúnkún mi.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀yìnkùlé ni mo bá ìyá mi, wọ́n ń kó ata tí wọ́n sá. Mi ò kí wọn. Mo ní, "Aboyún méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni ìyá aríran kọjú sí. Mo rí i." Wọ́n gbé atẹ ata sílẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ti sin kí n tó lóyún ẹ. Kò sí èyí tó gbọ́njú mọ̀ mí nínú wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ní Ọlọ́run rán ọmọ kan níṣẹ́. Mo ní, ọmọ tí Ọlọ́run bá rán níṣẹ́, kò ní jẹ́ kó kú láìjẹ́ ẹ. Kí n wá jókòó kí ẹlòmíràn gbà á? Ó tì o."

"Bí mo bá wá rí iṣẹ́ náà, tí mo jẹ́ ẹ tán ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Bí o bá jẹ́ ẹ tán, kí ló tún kù tó máa dá ẹ dúró?"

Mo pariwo. "Màámi! Ẹ ò fẹ́ kí n rí i rárá!"

Wọ́n ní, "Ṣé o ò wà láàyè ni?"

Mo wà láàyè. Mo dúró níwájú wọn, inú ń bí mi, wọ́n sì ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, inú wọn ń dùn. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n bèèrè gbà. Wọn ò bèèrè nǹkan kan fún èmi.