Àwọn Òkò Tí N Kò Kà

Ohùn bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Nígbà tí ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ilé ìwé wa ní Ìkàrẹ́, bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá wọ inú ìbọ̀wọ́ awọ ẹni tó ń hán an, yóò dún gbàà, bí ìgbà tí èèyàn fi pátákó na ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà kejì fi máa dé ìdajì, ó kàn ń dún pò ni, bíi mángòrò tó já bọ́ sórí koríko.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé gboyè ní Àkùngbá nígbà náà. Fisíìsì ni mo kà. Mi ò tíì rí iṣẹ́, ni pírínsípà bá ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní fisíìsì, kí n sì máa bójú tó bésíbọ́ọ̀lù, torí kò sí olùkọ́ mìíràn tó fẹ́ ẹ. Mi ò ṣe eré náà rí láyé mi. Inú ìwé kan tí ẹni tó ṣáájú mi fi sílẹ̀ àti inú fídíò orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Ẹnì kan á dúró sórí òkìtì kékeré láàárín pápá, á ju bọ́ọ̀lù, alátakò á sì fẹ́ fi igi gbá a. Bí bọ́ọ̀lù bá yá dáadáa, afẹ́fẹ́ nìkan ni alátakò máa gbá. Apá ẹni kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ẹgbẹ́ gbára lé.

Apá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni tiwa, èyí sì ni ohun tó ń dẹ́rù bà mí lójoojúmọ́. Ìwé náà kìlọ̀ pé èèyàn lè ba apá ọmọdé jẹ́ títí ayé bó bá jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù jù. Nítorí náà mo ṣòfin: ogójì bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogójì ní Ọjọ́bọ̀. Láti Ọjọ́ Ẹtì títí di Ọjọ́ Ajé, ìsinmi. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tilẹ̀ ń ti àwọn bọ́ọ̀lù náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

A ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára tó, mo bá ń fi fóònù ya fídíò. Àwòrán kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn ni fídíò, èèyàn sì lè dá wọn dúró kó kà wọ́n. Ní sáà àkọ́kọ́, àwòrán mẹ́tàdínlógún ni bọ́ọ̀lù máa ń gbà láti ọwọ́ ọmọ náà dé inú ìbọ̀wọ́. Ní báyìí, ó ti di mọ́kàndínlógún. Méjì péré ló fi lé, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù náà ti ń falẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ẹni tó ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wá láti Àkúrẹ́. Ajubọ́ọ̀lù kan péré ló fẹ́ mú ní agbègbè wa, ọmọ yìí sì ti sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ pé òun ni.

Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù fún un, ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò ràn mí lọ́wọ́. "Sà, mo lè máa jẹ gúgúrú kí n sì máa hán eléyìí."

"Ẹnu ẹ ló yá ju ọwọ́ ẹ lọ," ni ajubọ́ọ̀lù fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Mo yẹ ìwé mi wò, mo sì rí ohun kan tí kò yé mi. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin, máa ń falẹ̀ ju ti Ọjọ́bọ̀ lọ. Ìsinmi ló ń rẹ̀ ẹ́! Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Ìkàrẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di Ọjọ́ Ẹtì, á lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ ní Ọ̀kà.

"Ṣé o máa ń ju bọ́ọ̀lù ní Ọ̀kà ni?"

"Rárá o, sà. Ọ̀dọ̀ yín ni bọ́ọ̀lù wà."

Òótọ́ ni. Mo wá gbà pé èmi ni. Mo rò pé àìmọ̀kan mi ló ń pa apá ọmọ ọlọ́mọ, pé bó bá jẹ́ olùkọ́ gidi ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni, kò ní rí báyìí. Ìrònú yẹn wúwo lọ́kàn mi débi pé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà láti lọ bẹ ìyá àgbà náà pé kó má ṣe fún un ní iṣẹ́ líle.

Wọ́n júwe oko ìrẹsì fún mi, nísàlẹ̀ àpáta. Ìyá àgbà jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ajubọ́ọ̀lù mi wà lórí pèpéle igi láàárín oko, òkìtì òkúta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìrẹsì ti yọrí, ẹyẹ ẹ̀gà sì bò ó. Ó sọ òkò kan, agbo ẹyẹ fò sókè. Wọ́n bà sí apá kejì, ó tún sọ òmíràn. Kíkà ti mọ́ mi lára. Kí n tó rìn dé ìdí àtíbàbà, ó ti sọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀," ni ìyá àgbà wí. "Ẹ ò rí ọmọ yín? Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń ṣe é. Ẹyẹ tó bá mọ̀ ọ́n kì í padà wá."

Mo pe ọmọ náà sọ̀kalẹ̀. "Ṣé mi ò ní kí o sinmi ni?"

"Mo ń sinmi, sà. Ẹ ní kí n má ju bọ́ọ̀lù." Kì í ṣe àfojúdi. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Èyí kì í ṣe jíjù. Ẹyẹ ni mo ń lé."

"Òkò mélòó lo máa ń sọ lójúmọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú. "Ta ló ń ka òkò, sà?"

Ojú tì mí, orí mi sì wú lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì mí torí mo ti yangàn ní ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ pé èmi ni mo kọ́ apá yẹn, àṣé oko yìí ló kọ́ ọ. Orí mi wú torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irú ọmọ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé apá ọmọ náà ti ń rẹ̀. Ó pè é mọ́ra, ó fi àtàǹpàkò tẹ èjìká rẹ̀. Ọmọ náà fà sẹ́yìn.

"Ó ń dùn ẹ́, o ò sì sọ?"

"Bí mo bá sọ, Màámá, ta ló máa lé ẹyẹ?"

Ìyá àgbà kọjú sí mi. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ta ló máa lé e?"

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn. "Èmi ni, mà."

Báyìí ni mo ṣe di aṣọ́ ìrẹsì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé, ọmọ tó ń hán bọ́ọ̀lù sì ń bá mi lọ nígbà mìíràn. Òkò mi àkọ́kọ́ bọ́ sórí àtíbàbà.

"Tíṣà," ni ìyá àgbà pariwo láti ìsàlẹ̀, "ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ lé ni àbí èmi?"

Ọmọ náà jókòó, ó ń so agolo mọ́ okùn tí a máa fi dẹ́rù ba ẹyẹ, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé, mi ò lè gbé ṣọ́ọ̀kì dé òkè pátákó. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ti ń kọ sínú ìwé láti oṣù mélòó kan wá yé mi nínú ara mi.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọkùnrin sìǹgbọ̀nlẹ̀ kan tó fi fèrè kọ́ ọrùn ló wá láti Àkúrẹ́. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dún gbàà! Ọmọ tó ń hán an gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó kígbe sí mi pé, "Sà, gúgúrú ti tán!" Mo ń kà. Nígbà tó pé ogójì, ọkùnrin náà ju ọwọ́ sókè. "Mẹ́wàá sí i! Ẹ jẹ́ kí n rí i dáadáa."

Èmi kì í lè dá àgbà lóhùn. Mo mọ̀ pé bí mo bá bí i nínú, ọmọ yìí ló máa jìyà rẹ̀. Mo ní, "Ó ti pé, sà," ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ débi pé èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ọmọ náà wò mí. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí òkìtì, ó rìn wá, ó fi bọ́ọ̀lù sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Ogójì, sà. Mo kà á."

Ohùn mi wá là. "Ẹ má bínú, sà. Apá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò ni. Ó tó fún òní."

"Tíṣà, ṣé o mọ iye ọmọ tó ń wá ipò yìí?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó wo èmi, ó wo ọmọ náà, ó mí kanlẹ̀. Ó wá fa bírò yọ lápò, ó sì bi ọmọ náà léèrè orúkọ rẹ̀. Mo yẹ fídíò wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwòrán mẹ́tàdínlógún ni.

Ìrẹsì dé ilé kí ọmọ náà tó lọ sí àgọ́ ìgbaradì ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀. Ó gbé abọ́ kan wá fún mi ní ilé ìwé. "Màámá ní kí n kí yín, sà. Wọ́n ní abọ́ náà ì bá kún, bí kì í bá ṣe àwọn ẹyẹ tí òkò yín tàsé."

Lóòótọ́, kò kún. Mo gbé e dání wọ ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, mo sì rìn díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo wọn lè rí i.