Bàtà Tí Táyà Kò Tẹ̀

Ọ̀gá Bọ́-Bàtà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì níṣẹ́, gba lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú ìyá àgbàlagbà kan tí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wọn pa ló ń pè é wá jẹ́rìí. Oṣù mẹ́jọ péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló wa bọ́ọ̀sì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sì buwọ́ lu ìwé pé géńdé náà mọ bí a ti ń dá ọkọ̀ dúró.

Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ kò wá lásán. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ilẹ̀ gbalasa kan wà, ó sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan sójú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á mú un lọ síbẹ̀.

"Ó yá, bọ́ bàtà ẹ. Tí o bá ń sáré ọgbọ̀n kìlómítà ní wákàtí kan, tí mo ní kí o dúró níbi ìlà yìí, ibo lo máa dúró sí? Gbé bàtà kan síbẹ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ á ka nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, á gbé e sílẹ̀. Yóò wakọ̀ bọ̀. Bí wọ́n bá ti kan ìlà, Bọ́-Bàtà tó jókòó tì í á fi ọwọ́ gbá iwájú ọkọ̀ gbàgà, bíréèkì á mú, bàtà á yè. Ìgbà náà ni yóò wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O káre. Ọgọ́ta ńkọ́?"

Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn máa ń fún un: eré di ìlọ́po méjì, ogójì ìṣísẹ̀ á tó. Wọ́n á ka ogójì, àwọn tó gbọ́n á tún fi méjì lé e. Gbàgà! Kí ẹsẹ̀ tó kúrò níbi tó wà kó tó dé orí bíréèkì, ọkọ̀ ti jẹ ìṣísẹ̀ tó lé ní ogún. Kí bíréèkì tó wá ṣẹ́gun eré, ó ti lé ní àádọ́ta, táyà sì ti tẹ bàtà pẹlẹbẹ.

"O ti pa á," Bọ́-Bàtà á wí. "Dúpẹ́ pé bàtà ni. Máa tiro lọ sílé."

Àwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè kan máa ń wọ sálúbàtà jíjá wá. Ńṣe ló máa ń lé wọn padà: "Èyí tí o fi ń lọ kí àna ẹ ni mo fẹ́. Èyí tó bá dùn ẹ́ ni wàá rántí." Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń ṣe é, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́bàtà kan rẹ̀ tó pa ènìyàn.

Lọ́jọ́ tó kan àbúrò ìyàwó rẹ̀, bàtà aláwọ tuntun ló wọ̀ wá. Wọn kò tíì dé ìdí ìlà tí fóònù Bọ́-Bàtà fi dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọkọ̀ gun bàtà yẹn o. Èmi ni mo rà á fún un."

"Kó yáa lọ wọ òmíràn wá."

"Òmíràn dà? Ọmọ tí mo fẹ̀yìn mi pọ̀n! Àbí torí pé tiwa ni, lẹ ṣe fẹ́ fi í ṣẹ̀sín?"

Géńdé náà dúró tòun ti ìbọ̀sẹ̀, ó gbá bàtà náà mọ́ra bí ìkókó. Bọ́-Bàtà wò ó, ẹ̀rín pa á.

"Wọ̀ ọ́ padà, jàre. O kúkú mọ ọkọ̀ wà."

Ó buwọ́ lùwé. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìgbà náà, lọ́sàn-án gangan, ìyá kan ń sọdá títì láti lọ gba awò ojú tuntun tí wọ́n ṣe fún un. Títì náà kò gba eré ju ọgbọ̀n lọ. Ọgọ́ta ni bọ́ọ̀sì náà ń sá.

Bọ́-Bàtà lọ wo àbúrò náà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹsẹ̀ lásán ló bá a. Wọ́n ti gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ò rí ìyá yẹn ni?"

"Mo rí wọn, ẹ̀gbọ́n. Mo rí wọn dáadáa. Wọ́n ṣì jìnnà, á tó ogójì ìṣísẹ̀. Mo tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé á dúró ni."

Ogójì.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé, mánéjà pè é sí ọ́fíìsì, ó ti ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ dé iwájú rẹ̀.

"Ẹ kàn sọ pé ẹ dán an wò bí ẹ ṣe ń dán gbogbo wọn wò. Ẹ ṣáà ti buwọ́ lùwé rẹ̀ nígbà náà."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, òun ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n, kò kàn ṣe é ni. Òun nìkan ló máa rù ú."

"Tí mi ò bá wá sọ bẹ́ẹ̀?"

Mánéjà wo ojú fèrèsé. "Ọ̀gá, oṣù mẹ́jọ gùn o."

Ó délé, ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìdúró nínú pálọ̀, kò kí i káàbọ̀.

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ sọ pé ẹ ò kọ́ ọ, kí ẹrù yẹn lè fúyẹ́ lórí ẹ̀."

"Ìyá wọn, ta ló pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà?"

"Bàtà ni mo ní kí ẹ má bà jẹ́. Mi ò ní kí ẹ má kọ́ ọ."

Ohun tó korò níbẹ̀ ni pé obìnrin náà kò purọ́. Bọ́-Bàtà fúnra rẹ̀ náà wọ bàtà lọ́jọ́ yẹn. Ì bá bọ́ ọ̀kan kó gbé e sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ì bá yé. Ṣùgbọ́n látọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ń fi táyà tẹ bàtà oníbàtà, kò fi tirẹ̀ sílẹ̀ rí.

Ó jókòó sídìí tábìlì, ó dojú ìwé mánéjà bolẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀: *Mi ò dán an wò. Irọ́ ni mo buwọ́ lù.* Ìyàwó rẹ̀ mú un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò dúpẹ́.

"Àwa wá ńkọ́?" ó ní. "Kí la ó máa jẹ?"

Lọ́jọ́rú, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Bọ́-Bàtà ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ọmọ olóògbé, tó ti lọ bá ìyá rẹ̀ gba awò ojú náà, ni ìkejì.