Ọwọ́ Òsì ní Kíláàsì Iṣẹ́ Ọwọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkòsì, tí ọ̀pẹ pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń já mi láyà jù. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni mí o. Mo mọ agbọ̀n hun dáadáa. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń hun ún.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo máa ń jókòó sí, kí àlejò má baà rí mi, ìyá mi a sì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Láyé ìgbà náà, ọmọ tó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà ti rí àgbà fín. Tíṣà wa tilẹ̀ ṣe é kọjá ìyẹn. Ọmọ tó bá fi òsì ṣiṣẹ́, wọn á so ọwọ́ náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì títí agogo ilé yóò fi lù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ iṣẹ́ wa wò, wọ́n ní ojú àwọn ni a ó ti hun ún. Mo fi ọ̀tún mú imọ̀ ọ̀pẹ, ó yọ̀ bọ́. Mo tún un mú, ó ya. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo agbọ̀n! Adìyẹ gan-an ò ní yé sínú eléyìí!"

Mo gbọ́ ìró bàtà tíṣà lẹ́yìn mi. Wọ́n dúró. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òsì mi gba iṣẹ́ náà, tó ń hun ún lọ wéréwéré.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má so ó, sà."

Wọ́n so ó. Agbọ̀n náà wà níwájú mi, ó ku ẹnu rẹ̀ nìkan, mo ń wò ó, n kò lè fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí èmi náà di tíṣà, ọwọ́ ọmọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo iṣẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ọwọ́ tí ẹ̀rù ń bà kì í dá àrà. Ti ẹlòmíràn ni yóò máa wò ṣe.

Ayé ti yí padà. Ilé alájà ti gba ibi tí ọ̀pẹ wà, kò sì sí tíṣà tó ń so ọmọ mọ́ tábìlì mọ́. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé páálí wá sí pálọ̀, ó fẹ́ fi kọ́ ilé kékeré fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó fi òsì mú sísọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ kígbe láti kíṣìnnì:

"Ọwọ́ ọ̀tún! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?"

Mo ní, "Jẹ́ kó gé e. Ọwọ́ ẹ̀ náà nìyẹn."

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gé e. Ó wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó wo ojú mi, ó sì rọra gbé sísọ́ọ̀sì náà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.